Gbànja Aláwẹ́ Méjì

Kí n tó mọ̀ pé ọpọlọ ènìyàn ní awẹ́,
obì ni mo kọ́kọ́ mọ̀.
Lẹ́yìn ilé wa ní Mákun, ní Ṣágámù,
ìyá mi á jókòó ti agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́,
á mú gbànja kan, á gbé e wò lọ́wọ́,
á sọ ọ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì.
Kì í là á.
"Kòkòrò wà nínú èyí," ni yóò wí.
Bó bá kẹ́yìn, èmi á fi eyín là á bí olè,
kòkòrò á sì wà níbẹ̀, funfun, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti lò
nídìí nǹkan kan ṣoṣo náà:
kí a rí inú, kí a má là á.

Odùntàn ẹ̀gbọ́n mi, abọ́ tirẹ̀ dá wà lórí pẹpẹ.
Lọ́jọ́ tí wárápá gbé e ṣubú létí odò Ìbù,
àwọn tí a jọ ń pọnmi sún sẹ́yìn,
wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ràn.
Mo di orí rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Mo ń wò ó pé ta ló wà nínú ibẹ̀ tó ń jà báyìí,
kò sì sẹ́ni tó lè gbé e wò lọ́wọ́ kó sọ fún mi.
Itọ́ náà gbẹ sí mi lápá. Kò ràn mí.
Àbí ó ràn mí.
Òun náà ló ń ṣe mí dòní.

Ẹ̀rọ òòfà wa, àlòkù ni, Jámánì ló ti wá.
Ó ń ké gbàgbàgbà bí àwọn tó ń kan páànù,
ó ń mu dísù bí ọ̀mùtí.
Lọ́dún tí afẹ́fẹ́ tó ń mú inú rẹ̀ tutù jò tán,
oṣù méje la fi ń sọ fún aláìsàn pé kó padà wá.
Àwọn mìíràn ò padà.
Ṣónáríwo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ń bá wa tún un ṣe,
sun òru mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.
Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òkèèrè;
wọ́n ní orí tí mo yà kéré níye.
Orí irínwó ó lé mẹ́tàlá!
Wọ́n ní kí n pa orúkọ wọn rẹ́, kí n fi nọ́ńbà rọ́pò.
Mo fi rọ́pò.
Odùntàn ni ì bá jẹ́ nọ́ńbà kìn-ín-ní
ká ní ó dúró dè mí.

Ẹ má rò pé àwòrán ń sọ̀rọ̀ o.
Dúdú, àwọ̀ eérú, funfun, ó parí.
Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé níbo ni ìfẹ́ wà nínú rẹ̀.
Mo ní kó lọ fọwọ́.

Lánàá ni wọ́n gbé Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ dé láti Òde Rẹ́mọ,
olóbì tó ti fi ogójì ọdún kó ẹrù lọ sí Kánò.
Rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún, ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.
Nínú awẹ́ òsì, ibì kan ti kú,
kò ju àtàǹpàkò lọ.
Mo mú gbànja jáde nínú àpò aṣọ funfun mi.
"Bàbá, kí lèyí?"
Ẹnu rẹ̀ ń wá a kiri. Omi dé ojú rẹ̀. Kò rí i.
Mo ní kò burú. Mo da ìyókù sórí tábìlì.
Ó na ọwọ́ òsì, ó fa ọ̀kan sọ́dọ̀ ara rẹ̀.
"Ọ̀kan," ó wí, ó já geere.
"Èjì. Ẹ̀ta."
Nígbà tó kà wọ́n tán, ó tì wọ́n padà,
ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ka iye dé.
Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ dá a dúró, mo gbọ́wọ́ sókè.
Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń kùn.

Igba ló kà á dé.
Ọ̀kan ló yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sọ ìdí rẹ̀.
Mo mú un lọ sílé.
Mi ò tíì là á.